Mi Ò Dé Kábà

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi há fáìlì yìí mọ́ abíyá
bí abiyamọ ṣe ń gbé ìkókó:
ìwé ìpẹ̀jọ́, rìsíìtì lọ́yà,
máàpù tí mo fi bírò pupa fa ìlà sí
títí ìwé fi lu.

Igi kajú méje ni. Méje péré,
lẹ́yìn òkè Ògìdì, níbi tí àpáta ti nà gbalaja bí ẹni tó sùn.
Bàbá mi ní òun ló gbìn wọ́n.
Bàbá Ìbítóyè ní òun ni.
Àwọn méjèèjì ti kú, a sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
wọn kò sì tíì jà láti ọjọ́ náà.

Èmi àti Ìbítóyè tí a jọ jẹ iṣu sísun nínú ewé kan,
tí a jọ sá fún òjò wọ ihò àpáta,
a wá ń kọjá lára wa láì kí ọ̀kun.
Ṣé ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa?
Ọ̀kun là ń kí àjèjì.
Ọ̀kun là ń kí ẹni tó jẹ wá lówó.
Mo gbé tèmi mì, ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Lóru, màá máa ṣàlàyé fún adájọ́ nínú òkùnkùn.
Ìyàwó mi á yíjú sógiri:
"Kóòtù tún ti jókòó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo sì gba orúkọ ọjọ́ náà gbọ́.
Mo gun ọ̀kadà Bódúnrìn, ọmọ káfíńtà,
tí èmi fúnra mi kọ́ ní àròpọ̀ àti àyọkúrò.
Afẹ́fẹ́ ń gé ohùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́:
"Tíṣà, igi mélòó ni?"
"Méje."
"Mélòó ló ṣì ń so?"

Mo la ẹnu.
Mo mọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà lórí bí orúkọ ọmọ mi,
mo mọ iye tí lọ́yà gbà lóṣù tó kọjá.
"Yí i padà."
"Ẹ gbàgbé nǹkan ni, sà?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ikán ti jẹ mẹ́rin.
Ọ̀kan ti wó, gbòǹgbò rẹ̀ nawọ́ sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn.
Lábẹ́ méjì tó kù,
àwọn ọmọdé ń fa kajú pupa mu,
omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá wọn.
Ọmọ-ọmọ Ìbítóyè wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀.
Wọ́n fẹ́ sá. Mo ní kí wọ́n máa jẹ lọ.
Wọ́n fún mi ní ọ̀kan.
Ó há mi lọ́fun díẹ̀. Ó dùn.

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò dé kóòtù.
Ìdajì ọ̀nà ni mo ti bọ̀.

Ìbítóyè dé Kábà ní tirẹ̀, tòun ti fìlà tuntun,
ó jókòó, ó ń retí ọ̀tá tí kò wá.
Wọ́n ní ó borí. Nírọ̀lẹ́ mo gbọ́ ẹ̀rín lójúlé rẹ̀,
mo dúró kí inú mi ru,
mo dúró bí ẹni tó ń retí kí ìkòkò hó
tí kò sì sí igi nínú ààrò.
Òjò dé sórí páànù. Òjò nìkan ni mo gbọ́ mọ́jú.

Fáìlì náà? Ìyàwó mi fi dáná iṣu.
Ó ní òun ò rí ohun tó jó dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní parọ́, ó ṣì máa ń wá.
Nígbà ọyẹ́, bí ìrora orúnkún,
á kan ilẹ̀kùn: ilẹ̀ bàbá rẹ dà?
Màá kí i. Mi ò ní gbé àga fún un.

Lánàá mo pàdé Ìbítóyè nídìí ẹ̀rọ omi.
"Ọ̀kun o," ni mo wí.
Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ni mo ń kí.
Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó kọjá.
Kò dáhùn.
Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi.
Kò sí eegun níbẹ̀ mọ́.